Láti Lálúpọn dé Oríta Mẹ́fà: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ àti Ọ̀pá-Ẹ̀yìn ní Agbègbè Ìbàdàn

Ìfáárà

Ìlú Lálúpọn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, tí wọ́n sì nà dé Òṣogbo ní 1907, gba ìlú náà kọjá. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ àti ti àwọn abúlé àyíká rẹ̀ gbójú lé. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Lálúpọn, tí ó gba Olódó dé Ìwó Road, tí ó sì ti ibẹ̀ gba Agodi, yóò dé Oríta Mẹ́fà níbi tí Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí UCH, wà. Ìrìn náà kì í gba ìdajì ọjọ́. Síbẹ̀, fún ẹni tí ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ tàbí tí ọ̀kadà gbá, ìrìn kan náà lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba oṣù kan, ó sì lè má parí láé.

Yorùbá gbà pé orí ni olórí ara. Orí òde tí a ń fojú rí ni àmì orí inú tí ẹ̀dá yàn wá sáyé. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ó máa ń ṣòro fún ẹbí láti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n ṣí agbárí ènìyàn wọn tàbí kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọ̀pá-ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bi ara wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn ni pé: bí wọ́n bá ṣe é, ṣé yóò yè? Bí ó bá sì yè, ṣé yóò tún lè rìn, ṣé yóò tún lè mọ̀ wá?

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ bí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ti ọ̀pá-ẹ̀yìn ṣe dé Ìbàdàn, èrè tí ó ti ti ibẹ̀ wá àti ewu tí ó bá a rìn. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe gbogbo ewu tí àwọn ènìyàn ń dì ru ọ̀bẹ ni ó jẹ́ ti ọ̀bẹ. Apá kan jẹ́ ti ọ̀bẹ lóòótọ́. Apá kejì, tí ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, jẹ́ ti àkókò tí ó ṣòfò kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, àti ti ìtọ́jú tí kò tẹ̀lé e délé. Àwọn tí ó pẹ́ dé ni ikú wọn wọ́pọ̀ jù; ìròyìn ikú wọn ni ó ń padà sí abúlé; ìròyìn náà ni ó sì ń mú kí ẹni tí ó kàn tún pẹ́ dé.

Ìrìn-àjò iṣẹ́ náà ṣáájú 1962

Ṣíṣí agbárí kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́kọ́ mú wọ Áfíríkà. Láàárín àwọn Kisii ní ilẹ̀ Kenya, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ máa ń ha eegun agbárí ẹni tí orí ń fọ́ lẹ́yìn tí ó ti fi orí gbá nǹkan. Àwọn dókítà tí ó ṣe ìwádìí nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún jẹ́rìí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún ni ó yè. Àmọ́ eegun ni wọ́n ń ha. Wọn kì í wọ inú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó dí ọ̀nà: ìrora, àkóràn kòkòrò àìfojúrí, àti àìmọ apá ibi tí àìsàn wà nínú ọpọlọ tí ojú kò lè rí láti òde.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí oògùn akunnilóorun àti oògùn apakòkòrò ti wà, àwọn oníṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú. William Macewen yọ kókó kan kúrò lára awọ tí ó bo ọpọlọ ní Glasgow ní 1879. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1884, Rickman Godlee yọ kókó kúrò nínú ọpọlọ ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kókó náà jáde, ṣùgbọ́n aláìsàn náà kú lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nítorí àkóràn. Ní 1887, Victor Horsley yọ kókó tí ó tẹ okùn-iṣan inú ọ̀pá-ẹ̀yìn ọkùnrin kan mọ́lẹ̀. Okùn-iṣan yìí ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí apá àti ẹsẹ̀, tí ó sì ń gbé ìmọ̀lára ara padà wá. Ọkùnrin náà, tí kò lè rìn tẹ́lẹ̀, tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Èrè àti ewu iṣẹ́ náà ti fara hàn tán láàárín ọdún mẹ́ta péré.

Ẹni tí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fọkàn tán ni Harvey Cushing ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láti 30 dé 50 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣí orí wọn nítorí kókó ni ó ń kú. Nígbà tí Cushing yóò fi yọ kókó ẹlẹ́ẹ̀kejì ẹgbẹ̀rún ní 1931, ikú lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó 10 nínú 100 mọ́. Kò sí idán níbẹ̀. Ó ń wọn ìfúnpá aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ abẹ, ó wá ọ̀nà láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kàn, àti ẹni tí ó yè àti ẹni tí ó kú. Ìwà ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí ó ń bọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́kù ní Ìbàdàn, 1962 sí 1974

Wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, wọ́n sì ṣí UCH ní oṣù Kọkànlá 1957. Fún ọdún bíi márùn-ún lẹ́yìn náà, kò sí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kankan nílé-ìwòsàn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní gbogbo Nàìjíríà. Oníṣẹ́ abẹ gbogbogbòò ni ó ń ṣe ohun tí ó bá lè ṣe. Ẹni tí ó lówó ń lọ sí òkè òkun. Ẹni tí kò lówó ń padà sílé.

Látúndé Ọdẹ́kù ni ó yí èyí padà. Ìlú Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti bí i ní 1927. Ó ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Howard ní Washington, ó sì gba oyè dókítà ní 1954. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan lábẹ́ Edgar Kahn. Ní oṣù Kẹwàá 1962, ó padà wálé sí Ìbàdàn, ó sì di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélọlá Adélóyè, ọmọ Èkìtì, dara pọ̀ mọ́ ọn nínú iṣẹ́ náà.

Irú àwọn tí ó ń wá sọ́dọ̀ Ọdẹ́kù kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àwọn tí ó ń wá lónìí: àwọn tí ọkọ̀ gbá, àwọn ọmọ tí omi kún orí wọn, àwọn tí ikọ́-ife ba eegun ẹ̀yìn wọn jẹ́, àwọn tí kókó ń dàgbà nínú ọpọlọ wọn. Èrò kan gbilẹ̀ nígbà náà láàárín àwọn dókítà òyìnbó pé kókó inú ọpọlọ ṣọ̀wọ́n lára ọmọ Áfíríkà. Ọdẹ́kù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tí wọ́n rí ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àkọsílẹ̀ wọn fi hàn pé àìsí ẹni tí yóò wá àìsàn náà kàn ni ó jẹ́ kí ó dà bíi pé kò sí.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ni ti 1971. Ní ọdún náà, Adélóyè àti Ọdẹ́kù ṣàlàyé irú kókó olómi kan tí wọ́n ń bí mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní àwùjẹ̀, ìyẹn ibi rírọ̀ iwájú orí ọmọ tuntun. Ẹni tí ó bá rí wíwú lórí àwùjẹ̀ yóò bẹ̀rù pé ọpọlọ ni ó ń yọ jáde, pé bí ọ̀bẹ bá kàn án ọmọ yóò kú. Àwọn onímọ̀ méjèèjì fi hàn pé abẹ́ awọ orí ni irú kókó yìí wà, pé kò wọ inú agbárí, àti pé ó ṣeé yọ. Títí dòní, àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri àgbáyé ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pe àìsàn náà. Ìmọ̀ tí ó tọ́ sọ ohun tí ó dà bí ewu ńlá di iṣẹ́ abẹ kékeré.

Ọdẹ́kù kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹjọ 1974, lẹ́ni ọdún 47. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé-ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Ní ọdún tí ó kú náà ni Samuel Ohaegbulam bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Enugu, ó sì di iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ mìíràn ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ kí ojú rí inú agbárí

Ní ayé Ọdẹ́kù, ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n fi ń wá ibi tí àìsàn wà nínú orí. Èkíní ni ti Walter Dandy ní 1918, ẹni tí ó ń fi afẹ́fẹ́ rọ́pò omi inú ọpọlọ kí àwòrán x-ray lè fi àyè inú rẹ̀ hàn. Èkejì ni ti Egas Moniz ti ilẹ̀ Pọtogí ní 1927, ẹni tí ó ń fi oògùn sínú òpójẹ̀ ọrùn kí òpójẹ̀ inú ọpọlọ lè hàn nínú àwòrán. Àyẹ̀wò méjèèjì ní ìrora tàbí ewu tiwọn. Nítorí náà, ewu aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án.

Ní oṣù Kẹwàá 1971, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe yẹ orí aláìsàn kan wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń pè ní CT. Ó ń ya àwòrán orí ní ìpele ìpele bí ẹni rẹ́ iṣu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láìfi ohunkóhun gún aláìsàn. Hounsfield àti Allan Cormack gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979 nítorí rẹ̀. Ní 1987 ni irú ẹ̀rọ yìí dé UCH. Láti ìgbà náà, oníṣẹ́ abẹ lè mọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni ó dì sínú orí, bóyá kókó ni, bóyá kò tilẹ̀ sí ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe. Ohun kan ni ẹ̀rọ náà kò lè ṣe: kò lè dá wákàtí tí ó ti kọjá padà.

Ewu tí ó jẹ́ ti ọ̀bẹ gan-an

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ewu iṣẹ́ abẹ yìí pamọ́ fún ẹbí. Ẹ̀jẹ̀ lè dà nínú orí nígbà iṣẹ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àkóràn lè wọ ojú egbò tàbí awọ tí ó bo ọpọlọ. Omi inú ọpọlọ lè máa jò jáde. Gìrì lè bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí kò ní i rí. Bí ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn bá súnmọ́ apá tí ó ń darí ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ lè wọ́n lẹ́nu aláìsàn, ọwọ́ sì lè rọ. Ní ti ọ̀pá-ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ lè rọ, aláìsàn sì lè má lè di ìtọ̀ mọ́ra mọ́.

Àmọ́ iye ewu yìí kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ó yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí àìsàn wà, bí ọjọ́ orí aláìsàn ti tó, àti ní pàtàkì, ipò tí ó wà nígbà tí ó dé. Láti 1974 ni àwọn dókítà ti ń fi òṣùwọ̀n tí Teasdale àti Jennett gbé kalẹ̀ ní Glasgow wọn bí ẹni tí ó fara pa ṣe jí sí. Wọ́n ń wo bí ó ṣe ń lajú, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí ó ṣe ń mú apá àti ẹsẹ̀ jẹ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó jí dáadáa ní 15. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun mọ́ ní 3. Bí dókítà bá sọ fún ẹbí pé ewu náà jẹ́ 10 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn 100 tí ó wà ní ipò kan náà bá gba iṣẹ́ abẹ náà, 10 lè kú, 90 lè yè. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹbí bi tẹ̀lé e ni pé: mélòó nínú 100 ni yóò kú bí a kò bá ṣe é?

Kíkà iye ẹni tí ó yè àti ẹni tí ó kú tún máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ohun tí ó dà bí oore. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà káàkiri ayé ń fún ẹni tí ó fi orí gbá ní oògùn kan tí wọ́n gbà pé ó ń dín wíwú ọpọlọ kù. Ní 2004, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 10,008 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 21 nínú 100 àwọn tí ó lo oògùn náà ni ó kú, nígbà tí ó jẹ́ 18 nínú 100 láàárín àwọn tí kò lò ó. Bí wọn kò bá kà á, wọn ì bá má mọ̀.

Orí tí ó fara gbọgbẹ́: ọ̀rọ̀ wákàtí

Eegun agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀. Bí òpójẹ̀ bá já nínú orí, ẹ̀jẹ̀ tí ó dà yóò máa gba àyè mọ́ ọpọlọ lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ṣubú yóò dìde, yóò gbọn aṣọ rẹ̀, yóò sọ̀rọ̀, yóò sì jẹun. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, yóò máa bì, oorun yóò máa gbé e lọ, ẹyinjú kan yóò sì ràn ju ìkejì lọ. Àwọn ará ilé lè sọ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, kí wọ́n jẹ́ kí ó sùn. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bí oníṣẹ́ abẹ bá tètè lu agbárí náà, tí ó sì fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde kí aláìsàn tó dákú, ikú ṣọ̀wọ́n nínú irú èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà láàárín eegun àti awọ ọpọlọ.

Irú èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ awọ ọpọlọ le jù. Ní 1981, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Richmond ní Amẹ́ríkà tẹ àkọsílẹ̀ ènìyàn 82 tí ó dákú nítorí rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wákàtí mẹ́rin tó pé, 30 nínú 100 ni ó kú. Nínú àwọn tí ó kọjá wákàtí mẹ́rin, 90 nínú 100 ni ó kú. Ìwádìí mìíràn lẹ́yìn náà kò rí ìyàtọ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò yí padà. Àìsàn kan náà ni. Iye wákàtí ni ó yàtọ̀. Bí ẹni kejì bá kú, ará ilé yóò sọ pé wọ́n ṣí i lórí ni ó fi kú. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé wákàtí ni ó pa á.

Ìdí nìyí tí ìtàn iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fi kan ìtàn ojú pópó. Ní 1977, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ olórí rẹ̀. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Láàárín àkókò yìí ni ọ̀dá owó jẹ́ kí ọ̀kadà gba ojú ọ̀nà, títí dé àwọn ọ̀nà oko tí ọkọ̀ ńlá kì í dé. Nígbà tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto ní oṣù Kìíní 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní ìlú bíi mélòó kan dé igbá, àwọn mìíràn sì dé ike ọ̀dà. Àwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ sì ni akoto tòótọ́ ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tí kò ní ọ̀bẹ, tí kò ní ẹ̀jẹ̀, tí owó rẹ̀ sì kéré jù lọ.

Ọ̀pá-ẹ̀yìn: láti orí ọ̀pẹ dé orí ibùsùn

Ní agbègbè tí wọ́n ti ń kọ ẹyìn tí wọ́n sì ń dá ẹmu, igbà lè já, ẹsẹ̀ sì lè yọ̀. Ẹni tí ó bá ti òkè ọ̀pẹ já bọ́ lè fọ́ eegun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn. Ohun tí àwọn tí ó wà nítòsí bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e lè ṣe pàtàkì bí ohun tí oníṣẹ́ abẹ yóò ṣe. Bí wọ́n bá fa ọwọ́ rẹ̀ sókè, tí wọ́n gbé e pọ̀n, tàbí tí wọ́n fi sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà, eegun tí ó fọ́ lè gé okùn-iṣan tí kò tíì gé tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, kí ènìyàn bíi mẹ́rin gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sórí pákó tàbí ilẹ̀kùn títẹ́jú, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ tí ó lè gbé e ní ìdùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ń to eegun. Iṣẹ́ wọn ní iyì tirẹ̀ nínú ìtọ́jú apá àti ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀yìn kì í ṣe ẹsẹ̀. Okùn-iṣan wà nínú rẹ̀, fífà àti títẹ̀ sì lè bà á jẹ́ pátápátá. Ní 2012, ìwádìí kan nípa àwọn tí ó fọ́ ọrùn fi hàn pé láàárín oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 20 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wákàtí 24 tó pé ni ara wọn yá dé ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 9 nínú 100 ni. Iye yìí sọ òtítọ́ méjì pọ̀: ìyára ń ṣèrànwọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí okùn-iṣan wọn bàjẹ́ kò ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀, bí ó ti wù kí oníṣẹ́ abẹ mọ iṣẹ́ tó. Ó yẹ kí ẹbí gbọ́ èyí kí wọ́n tó ta ilẹ̀.

Ohun tí ó sì ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ni egbò ìdí àti ti ẹ̀yìn tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń fà, àti àkóràn ibi ìtọ̀. Yíyí i padà ní wákàtí méjì méjì, ara mímọ́ àti oúnjẹ gidi ni ó ń dènà wọn. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ ìyàwó, ọmọ àti aládùúgbò ni ó wà.

Kì í sì í ṣe gbogbo àìsàn ẹ̀yìn ni ó ń béèrè ọ̀bẹ. Ikọ́-ife máa ń wọ eegun ẹ̀yìn. Percivall Pott ṣàlàyé ìrísí rẹ̀ ní 1779. Láti àwọn ọdún 1960, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Korea, Hong Kong, India àti ilẹ̀ tí ó di Zimbabwe fi hàn pé oògùn ikọ́-ife nìkan wo ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sàn láìsí iṣẹ́ abẹ. Ibi tí okùn-iṣan bá ti ń rọ tàbí tí ẹ̀yìn bá ń tẹ̀ jù ni ọ̀bẹ ti wúlò. Yorùbá ka abuké sí ẹni òòṣà, ọ̀wọ̀ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀yìn títọ́ bá ń rù, tí ẹ̀yìn ń dùn ún fún oṣù, tí iké sì ń yọ díẹ̀díẹ̀, àìsàn tí ó ní oògùn lè ni ìyẹn.

Àwọn ọmọdé

Omi kan wà tí ó ń ṣàn nínú ọpọlọ. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí lára ọmọ ọwọ́, orí rẹ̀ yóò máa tóbi, ojú rẹ̀ yóò sì máa wo ìsàlẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé omi náà láti orí lọ sí inú ikùn tàbí ibòmíràn nínú ara. Ó ti gba ẹ̀mí là púpọ̀, àmọ́ ọ̀pá náà máa ń dí. Ìwádìí kan ní 1998 lára ọmọ 344 fi hàn pé nǹkan bí 40 nínú 100 ni tirẹ̀ bàjẹ́ kí ọdún kan tó pé. Ọmọ tí ó bá ń gbé ní ìtòsí ilé-ìwòsàn yóò padà lọ tún un ṣe. Ọmọ tí ó jìnnà lè kú. Nítorí èyí ni Benjamin Warf ṣe gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní Mbale ní Uganda: ó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná lẹ́nu ṣí ọ̀nà tuntun fún omi náà nínú ọpọlọ, kí ọmọ má baà gbára lé ọ̀pá. Ní 2017, ìwádìí kan lára ọmọ ọwọ́ 100 ní Uganda fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàárín ọ̀nà méjèèjì ní ti ìdàgbàsókè ọpọlọ. Áfíríkà ni ọ̀nà yìí ti jáde wá, ìdí tí wọ́n sì fi wá a ni jíjìnnà abúlé sí ilé-ìwòsàn.

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí eegun ẹ̀yìn wọn kò padé kí wọ́n tó bí wọn. Oníṣẹ́ abẹ lè bo ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá okùn-iṣan tí ó ti bàjẹ́ padà. Ní 1991, ìwádìí kan fi hàn pé bí obìnrin tí ó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí bá ń lo folic acid kí ó tó lóyún, ewu náà dín kù ní 72 nínú 100. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún gbogbo obìnrin ni kí wọ́n máa lò ó kí oyún tó dé títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ní 2023, àpérò àgbáyé lórí ìlera rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti máa fi í sínú oúnjẹ. Bí obìnrin bá dúró di ìgbà tí oyún bá hàn, ó ti pẹ́, nítorí láàárín oṣù àkọ́kọ́ ni ẹ̀yìn ọmọ ń padé.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Ní ìlú bíi Lálúpọn, olùkọ́ máa ń wà nítòsí kí dókítà tó dé. Òun ni ó ń rí ọmọ tí ó fi orí gbálẹ̀ ní pápá ìṣeré. Ohun tí ó tọ́ kí ó ṣe ni kí ó máa wò ó, kí ó sì sọ fún òbí rẹ̀ pé bí ó bá ń bì, bí oorun rẹ̀ bá yàtọ̀, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, ilé-ìwòsàn yá. Òun náà ni ó lè ní ọmọ tí ó ní ọ̀pá nínú orí ní kíláàsì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní kíláàsì, tí orí ń fọ́ ọ, tí ìwé rẹ̀ sì ń yíngin, kì í ṣe pàṣán ni ó tọ́ sí i. Ọ̀pá náà lè ti dí. Òun sì ni ó lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin nípa folic acid kí wọ́n tó wọ ilé ọkọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò ṣeé fojú fò. Ní 2015, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣírò pé ènìyàn bíi bílíọ̀nù márùn-ún ni kò rí iṣẹ́ abẹ tí kò léwu tí apá wọn sì ká. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera ní 2005, òfin tuntun sì rọ́pò ti àtijọ́ ní 2022. Olùkọ́ tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ lè là á yé àwọn òbí, kí àìsàn tó dé.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé láti 1962 ni ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti wà ní Oríta Mẹ́fà, àti pé láti 1987 ni ojú tí ó ń rí inú agbárí ti kún un. Ohun tí kò tíì yí padà tó ni ọ̀nà tí ó wà láàárín oko àti ilé-ìwòsàn, àti ìtàn tí ń gba ọ̀nà náà padà. Niṣe ni àwọn tí ó tètè dé, tí wọ́n sì yè, ń padà sí iṣẹ́ wọn láìsí ariwo. Òkú ẹni tí ó pẹ́ dé ni gbogbo abúlé ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìgbà tí ènìyàn ka ẹni tí ó rì nìkan, tí kò ka ẹni tí ó wẹ odò já, ni.

Ọdẹ́kù àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ka àwọn méjèèjì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Irú ìṣirò òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ gbé wọ kíláàsì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ìpàdé òbí: ewu wà nínú ọ̀bẹ, kò sí àní-àní, ewu wà nínú ìdúró náà, èyí tí kò sí ìwé tí ẹbí ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀.